Kí Wọ́n Tó Ti Àkáǹtì Yín Pa: Ìtọ́sọ́nà fún Oníṣòwò lórí Òfin Owó Èrú ní Nàìjíríà

Bí owó tí wọ́n jí lọ́wọ́ ẹlòmíràn bá gba inú àkáǹtì yín kọjá, báńkì kò ní kọ́kọ́ bi yín bóyá aṣọ lẹ tà tàbí fóònù. Wọ́n á ti àkáǹtì pa ná, ẹ̀yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ á tó bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ìwé ló ń gbèjà èèyàn. Ẹni tó bá ní rìsíìtì, nọ́mbà oníbàárà àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́wọ́ máa ń tètè rí ọ̀nà jáde. Ẹni tó jẹ́ pé orí nìkan ló fi ń ṣe àkọsílẹ̀ ọjà rẹ̀ lè máa wọ báńkì lọ wọ báńkì bọ̀ fún oṣù mélòó kan, bẹ́ẹ̀ kò jalè.

Mi ò kọ èyí láti gbèjà gbájúẹ̀. Gbájúẹ̀ ti jẹ owó ọ̀pọ̀ ọlọ́jà, ó sì ti ba orúkọ gbogbo wa jẹ́ lókè òkun. Ó yẹ kí wọ́n lé wọn. Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí wọ́n bá ń lé wọn, àárín ọjà ni wọ́n ń gbà kọjá, oníṣòwò kékeré tí kò mọ ohun tí òfin sọ ló sì ń fara gbá a jù. Ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí ni ohun tí ẹ lè ṣe báyìí tí nǹkan ṣì tutù, àti ohun tí ẹ ó ṣe bó bá ti ṣẹlẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá

FATF ni ẹgbẹ́ àwọn ìjọba tó ń ṣọ́ ọ̀nà tí owó èrú ń gbà káàkiri àgbáyé. Paris ni ọ́fíìsì wọn wà. Lọ́dún 2001, wọ́n fi Nàìjíríà sínú ìwé àwọn orílẹ̀-èdè tí kò fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Ìdí kan pàtàkì nìyẹn tí ìjọba fi dá EFCC, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì owó, sílẹ̀ lọ́dún 2003, lábẹ́ Nuhu Ribadu. Lọ́dún 2006 wọ́n yọ wá kúrò. Ní oṣù kejì ọdún 2023, FATF tún fi wá sí ìwé mìíràn, ti àwọn tí wọ́n ń ṣọ́ lójú méjèèjì, a sì wà níbẹ̀ títí di oṣù kẹwàá ọdún 2025, nígbà tí wọ́n yọ àwa, South Africa, Mozambique àti Burkina Faso kúrò pa pọ̀.

Ó kan ọjà yín. Nígbà tí orúkọ orílẹ̀-èdè kan bá wà nínú ìwé bẹ́ẹ̀, báńkì òkè òkun a máa béèrè ìwé púpọ̀ sí i kó tó gba owó láti ọ̀dọ̀ báńkì tiwa tàbí kó tó fi ránṣẹ́. Báńkì tiwa náà á wá yíjú sí oníbàárà: níbo lowó yìí ti wá, kí lẹ fẹ́ fi rà, ta ló ni ilé-iṣẹ́ yìí gan-an? Wọ́n ti yọ wá kúrò nínú ìwé náà o, ṣùgbọ́n àwọn òfin tí wọ́n ṣe nítorí rẹ̀ kò lọ síbì kan. Èyí tó ṣe pàtàkì jù fún oníṣòwò ni òfin ọdún 2022 tó dènà fífọ owó èrú. Ẹ ó rí i pé orí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e yìí dúró lé.

1. Ẹ wò ó bóyá iṣẹ́ yín wà lára àwọn tí òfin dárúkọ

Òfin 2022 kò fi iṣẹ́ ìṣọ́ sílẹ̀ fún báńkì nìkan. Ó ka àwọn iṣẹ́ kan tí òun náà gbọ́dọ̀ máa wo ẹni tó ń sanwó: òtẹ́ẹ̀lì, àwọn tó ń ta mọ́tò, àwọn tó ń ta ilẹ̀ àti ilé pẹ̀lú àwọn ejẹ́ǹtì wọn, àwọn tó ń ta wúrà àti ohun ọ̀ṣọ́ olówó iyebíye, súpámákẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ìdáko, ilé tẹ́tẹ́, lọ́yà, akáńtáǹtì. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú náà wà lábẹ́ ìṣọ́ yìí.

Bí tiyín bá wà níbẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka EFCC tó ń bójú tó irú iṣẹ́ wọ̀nyí. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Mo tún un sọ: ọ̀fẹ́ ni. Bí ẹnì kan bá ní kí ẹ mú owó SCUML wá, owó iṣẹ́ tirẹ̀ ló ń gbà. Ìwé tí ẹ ó nílò ni ti CAC (àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀), nọ́mbà owó-orí ilé-iṣẹ́, àti ìdánimọ̀ àwọn olùdarí. Ẹ má dúró dìgbà tí báńkì bá béèrè rẹ̀, nítorí wọn kì í ṣí àkáǹtì ilé-iṣẹ́ fún irú iṣẹ́ wọ̀nyí láìsí i, àwọn tí wọ́n sì ti ṣí tẹ́lẹ̀, wọ́n ń padà béèrè.

Níbi CAC náà, ẹ rí i dájú pé orúkọ ẹni tó ni ilé-iṣẹ́ lóòótọ́ ló wà nínú ìwé. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020 ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ó kéré tán ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún ìpín ilé-iṣẹ́ fara hàn. Bí ẹ bá fi orúkọ àbúrò yín forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé òun ló wà nílé lọ́jọ́ náà, ẹ tún un ṣe. Lójú ẹni tó ń ṣèwádìí, olówó tó fara pamọ́ lẹ́yìn orúkọ ẹlòmíràn kò dára rí.

Lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀, iṣẹ́ kù. Ẹ gbọ́dọ̀ mọ ẹni tí ẹ ń tajà fún, kí ẹ yan ẹnì kan tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ òfin yìí, kí ẹ máa fi ìròyìn owó ńlá ránṣẹ́, kí ẹ sì tọ́jú àkọsílẹ̀ fún ó kéré tán ọdún márùn-ún.

2. Ẹ mọ ibi tí owó kàṣì dé

Iye tó pọ̀ jù tí ẹnì kan lè san tàbí gbà ní kàṣì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni ₦5,000,000. Ti ilé-iṣẹ́ ni ₦10,000,000. Ohun tó bá ju ìyẹn lọ, inú báńkì ni kó gbà. Òfin yìí kan ẹni tó san án, ó kan ẹni tó gbà á. Nítorí náà, bí oníbàárà bá gbé ₦7,000,000 sínú báàgì wá ra mọ́tò lọ́wọ́ yín, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ wà nínú ẹ̀.

Àwọn kan máa ń sọ pé kí wọ́n pín in: mílíọ̀nù méjì lónìí, méjì lọ́la, ìyókù lọ́túnla. Pípín yẹn gan-an ni báńkì ń wò gẹ́gẹ́ bí àmì ìfura. Owó ńlá tó wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú rìsíìtì kò ní ẹ̀rù tó bíi kékeré-kékeré mẹ́fà tí kò ní àlàyé.

Ní ti gbígba owó jáde, CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ti fi ₦500,000 lọ́sẹ̀ sí ti ẹnì kan, àti ₦5,000,000 lọ́sẹ̀ sí ti ilé-iṣẹ́. Ẹ ó san owó lórí ohun tó bá lé. Ẹ̀yin oníPOS, ìlànà tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2025 ní kí oníbàárà kan má gbà ju ₦100,000 lọ lójúmọ́, kí ejẹ́ǹtì kan náà má sì san ju ₦1,200,000 jáde lójúmọ́.

3. Ẹ wẹ àkáǹtì yín mọ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń kó sí wàhálà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀.

Ẹ ya àkáǹtì ọjà sọ́tọ̀ kúrò lára ti ara yín. Bí owó àjọ, owó ìsìnkú, owó ilé-ìwé ọmọ àti owó ọjà bá jọ ń wọ ibì kan, kò sí ẹni tó lè tú u palẹ̀, ẹ̀yin náà kò ní lè tú u nígbà tí wọ́n bá fi ìwé owó oṣù mẹ́fà síwájú yín tí wọ́n ní kí ẹ ṣàlàyé ìlà kọ̀ọ̀kan.

Ẹ má ṣe yá ẹnikẹ́ni ní àkáǹtì. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi fẹ́ fi owó ránṣẹ́, àkáǹtì mi ti kún, ẹ bá mi gbà á." Ọ̀rọ̀ yìí ti kó àgbà àti ọmọdé sí àhámọ́. Ẹni tó ń bẹ̀ yín lè jẹ́ ọmọ yín gan-an. Ẹ sọ fún un pé rárá. Orúkọ yín ni yóò jáde lórí ìwé, òun kọ́.

Ẹ kọ ìdí sórí gbogbo owó tí ẹ bá fi ránṣẹ́. Dípò kí ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, tàbí kí ẹ kọ àwàdà síbẹ̀, ẹ kọ "àpò símẹ́ǹtì 40" tàbí "owó ilé Agbára, oṣù kẹta". Ẹ sọ fún oníbàárà yín náà kó máa kọ ọ́. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá béèrè, ìlà kan yẹn lè rọ́pò wákàtí kan àlàyé.

Wàyí o, ọ̀nà tí owó jíjí ń gbà dé ọ̀dọ̀ olóòótọ́. Ká ní ẹ ń ta fóònù ní Computer Village, Ìkẹjà. Ẹnì kan wá, ó mú fóònù ₦850,000, ó fi owó ránṣẹ́, alẹ́ẹ̀tì wọlé, ẹ gbé fóònù fún un. Ẹ kò mọ̀ pé inú àkáǹtì ìyá àgbàlagbà kan tí wọ́n jí síìmù rẹ̀ lowó náà ti jáde. Ọjọ́ kejì, ìyá lọ sí báńkì tirẹ̀. Báńkì tirẹ̀ kọ̀wé sí báńkì tiyín. Báńkì tiyín sì dí owó náà mọ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n dí gbogbo àkáǹtì.

Kí ló lè gbà yín? Rìsíìtì tó ní ọjọ́, nọ́mbà IMEI fóònù náà, orúkọ àti nọ́mbà ẹni tó rà á. Ẹ wo orúkọ tó wà lórí alẹ́ẹ̀tì. Bí ọmọkùnrin ọdún 20 bá dúró níwájú yín, tí orúkọ tó wá lórí owó sì jẹ́ ti obìnrin mìíràn pátápátá, ẹ bi í. Ó lè jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ló sanwó fún un lóòótọ́. Ẹ ní kó pè é, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá fẹ́, ẹ jẹ́ kí ọjà náà lọ. Ó máa ń ṣòro láti lé owó padà nígbà tí ọjà ò yá, mo mọ̀, ṣùgbọ́n èrè orí fóònù kan kò tó ohun tí àkáǹtì títì yóò ná yín.

Òmíràn tún wà: oníbàárà tó san ju iye ọjà lọ, tó wá ní kí ẹ dá ìyókù padà sí àkáǹtì mìíràn. Ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe é. Ibi tí owó ti wá ni kó padà sí, láti ọwọ́ báńkì, pẹ̀lú ìwé.

4. Ẹ̀yin onílé àti onílé-ìtura

Òfin kan wà láti ọdún 2006 lórí gbájúẹ̀. Ó ní ẹni tó bá ń bójú tó ilé kan, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ gbà kí wọ́n máa ṣe gbájúẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún sí 15 ni, kò sì sí owó ìtanràn tó lè rọ́pò rẹ̀. Òfin kan náà ló ní kí àwọn tó ni kafé íntánẹ́ẹ̀tì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ EFCC, nígbà tí kafé ṣì kún ìgboro.

"Mọ̀ọ́mọ̀" ni ọ̀rọ̀ tó wúwo jù níbẹ̀. Ẹ fi hàn pé ẹ kò mọ̀ nípa ṣíṣe ohun tó yẹ. Ẹ gba ìdánimọ̀ gbogbo ẹni tó gba yàrá, kì í ṣe ẹni tó sanwó nìkan. Ẹ kọ ìwé àdéhùn ilé, kí iṣẹ́ tí ayálégbé ń ṣe wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fura, ẹ sọ ọ́ fún SCUML tàbí EFCC ní kíkọ, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, EFCC kó èèyàn tó lé ní 700 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú ilé kan ní Victoria Island, ní Èkó, lórí ẹ̀sùn gbájúẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì. Lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè máa ń dé ọ̀dọ̀ onílé.

5. Ọjọ́ tí wọ́n bá tì í

Ẹ má pariwo ní báńkì. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú títì tó jẹ́, nítorí kọ́kọ́rọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí báńkì fúnra rẹ̀ tì nítorí BVN, NIN tàbí ìwé kan tó kù. Ẹ mú ìwé lọ, ó parí. Ìkejì ni lien, níbi tí wọ́n ti dí iye kan pàtó nítorí pé báńkì mìíràn ṣàròyé. Ìkẹta ni PND, tí owó lè wọlé ṣùgbọ́n tí kò lè jáde, tó sábà máa ń wá láti inú ìwé EFCC, ọlọ́pàá tàbí àṣẹ kọ́ọ̀tù.

Ẹ béèrè ní kíkọ: irú títì wo ni, láti ọjọ́ wo, ta ló pa á láṣẹ, iye owó wo ló kàn, àti ẹ̀dà àṣẹ kọ́ọ̀tù bó bá wà. Kí wọ́n fi òǹtẹ̀ gba ẹ̀dà tiyín. Bí máníjà bá dákẹ́, ẹ má rò pé ọ̀tá yín ni. Bí báńkì bá ti kọ ìròyìn ìfura nípa owó kan, òfin ka sísọ ọ́ fún olówó sí ẹ̀ṣẹ̀, ó sì lè gbé òṣìṣẹ́ báńkì dé ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n àṣẹ kọ́ọ̀tù kì í ṣe àṣírí bẹ́ẹ̀. Lọ́yà yín lè béèrè fún un.

Bó bá jẹ́ lien, ẹ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dí iye tí wọ́n ń jà lé nìkan, kí ìyókù lè ṣíṣẹ́. Ẹ so rìsíìtì àti àlàyé ojú ìwé kan pọ̀ mọ́ ọn. Ojú ìwé kan tó. Lẹ́tà gígùn tó kún fún ìbínú kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí báńkì kò dáhùn, ẹ gbé àròyé náà lọ sí ẹ̀ka CBN tó ń dáàbò bo oníbàárà, pẹ̀lú ẹ̀dà tí báńkì fi òǹtẹ̀ gbà.

Bó bá jẹ́ EFCC ló pàṣẹ, ẹ mọ ibi tí agbára wọn dé. Òfin fàyè gba kí wọ́n dá owó dúró fún wákàtí 72 bí ìfura bá wà. Kó tó lè ju ìyẹn lọ, kọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Nínú ẹjọ́ kan tí GTBank gbé dé Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, tí ìdájọ́ rẹ̀ wà nínú ìwé ìròyìn ẹjọ́ ọdún 2019, àwọn adájọ́ sọ ọ́ ketekete pé EFCC kò lè kàn kọ̀wé sí báńkì kí báńkì sì ti àkáǹtì oníbàárà láìsí àṣẹ kọ́ọ̀tù, àti pé kò yẹ kí báńkì gbọ́ràn sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Kí lọ́yà yín mẹ́nu ba ẹjọ́ yìí nínú lẹ́tà àkọ́kọ́.

Bí àṣẹ kọ́ọ̀tù bá wà, ìjà yín ti kúrò ní báńkì. Kọ́ọ̀tù lè ti fún EFCC ní àṣẹ náà láìgbọ́ tẹnu yín rárá. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Àbújá gbà kí wọ́n ti àkáǹtì 1,146 fún ọjọ́ 90, lórí ẹ̀sùn ṣíṣe pàṣípààrọ̀ owó òkèèrè lọ́nà àìtọ́. Ilé-iṣẹ́ wà nínú wọn, èèyàn náà wà. Iléyá ọdún yẹn bọ́ sáàárín ọjọ́ 90 náà. Ẹni tó bá ń ta àgbò tàbí aṣọ mọ ohun tíyẹn túmọ̀ sí. Òfin fún yín láyè láti padà sí kọ́ọ̀tù kan náà pé kí ó yí àṣẹ náà padà tàbí kó fagi lé e. Àkókò rẹ̀ kúrú, nítorí náà ẹ wá lọ́yà lọ́jọ́ tí ẹ bá gbọ́.

6. Bí wọ́n bá pè yín

Ìpè EFCC kì í ṣe ìdájọ́. Ó lè jẹ́ pé wọ́n kàn fẹ́ gbọ́ bí owó ṣe kọjá lọ́dọ̀ yín. Ẹ lọ, ẹ má sá, nítorí sísá a máa sọ ẹlẹ́rìí di afurasí. Kí ẹ tó lọ, kí lọ́yà pe ọ́fíìsì náà láti mọ̀ pé ìpè náà jẹ́ tòótọ́. Ayédèrú EFCC pọ̀ lórí fóònù, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń sọ pé àwọn mọ ọ̀gá kan níbẹ̀ tó lè bá yín yanjú rẹ̀. Ẹ má fún wọn ní kọ́bọ̀.

Ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé òfin ìlú fún yín láyè láti dákẹ́ títí ẹ ó fi bá lọ́yà yín sọ̀rọ̀. Lọ́yà lè jókòó tì yín nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀. Ẹ ka ohun tí wọ́n bá kọ kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Wọn kò lè mú ìyàwó tàbí ẹ̀gbọ́n yín dípò yín. Òfin ọdún 2015 lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn kọ̀ ọ́. Bí wọ́n bá dá yín dúró, tí kọ́ọ̀tù kò sì jìnnà ju kìlómítà 40 lọ, láàárín ọjọ́ kan ni kí wọ́n gbé yín lọ síwájú adájọ́. Ọ̀fẹ́ ni béèlì.

Bó bá sì jẹ́ gbèsè ló dá ìpè sílẹ̀, bíi kí ẹni tí ẹ jẹ lówó ọjà lọ fi EFCC dẹ́rù bà yín, ẹ jẹ́ kí lọ́yà sọ ọ́ pé ọ̀rọ̀ àdéhùn ni. Òfin 2015 kan náà sọ pé wọn kò gbọ́dọ̀ mú èèyàn nítorí àdéhùn tó bàjẹ́. Nínú ẹjọ́ Diamond Bank àti Opara, lọ́dún 2018, Ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ sọ pé iṣẹ́ EFCC kì í ṣe gbígba gbèsè. Ẹ̀yin náà, ẹ má ṣe lò wọ́n bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó jẹ yín lówó.

7. Ìwé ìròyìn

Kọ́ọ̀tù lè kọ́kọ́ gba ilé, mọ́tò tàbí owó kan fún ìjọba fún ìgbà díẹ̀, kódà láìtíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Wọ́n á wá gbé e sínú ìwé ìròyìn pé kí ẹni tó bá ní ẹ̀tọ́ sí i wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kó di tìjọba títí láé, ó sì sábà máa ń jẹ́ ọjọ́ 14. Bí ẹ bá ta mọ́tò fún ẹnì kan tí kò tíì san án tán, tàbí tí ọjà yín wà nínú ilé tí wọ́n gbà, àyè yín nìyẹn. Ẹ mú ìwé ìní yín, ẹ lọ.

Bí wọ́n bá wá ṣí àkáǹtì náà, ẹ má kàn yọ̀ kí ẹ máa lọ. Ẹ gba lẹ́tà báńkì tó sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣí i àti pé ọ̀rọ̀ náà ti parí. Ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí àwọn tí sọ̀wédowó yín ti padà lọ́wọ́ wọn. Kí ẹ sì kó gbogbo ìwé ọ̀rọ̀ náà sínú fáìlì kan ṣoṣo, nítorí báńkì mìíràn lè béèrè lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yá owó.